Ta Ni Yóò Tún Ilẹ̀ Ṣe Nígbà Tí Òkúta Bá Tán?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan ẹni tó ń wa típà, ó kan ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó sì kan ẹni tó ń gbé Mayfair tí kò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta rí.

Òkúta kúárì ló wà lábẹ́ ọ̀dà tí à ń wa ọkọ̀ lé lórí láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, òun náà ló wà nínú kọnkéré ilé wa. Òṣìṣẹ́ ló ń fọ́ ọ, òṣìṣẹ́ ló ń rù ú, òṣìṣẹ́ ló sì ń fa eruku rẹ̀ símú. A kò bá kúárì jà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jẹun. Ìbéèrè wa ni pé: lọ́jọ́ tí òkúta bá tán, tí ọ̀gá bá kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ta ni yóò tún ilẹ̀ ṣe?

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní ti kúárì, ẹni tó da eérú a ti lọ. Àwọn ará abúlé ni eérú ń tọ̀. Kòtò a gba omi òjò, ẹ̀fọn a pamọ sí i, ọmọdé a fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo agbègbè Jọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí wa táńganran ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Wọ́n ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kòtò wọn ṣì kún fún omi, ènìyàn sì ti kú sínú wọn.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ tún ilẹ̀ tó gbẹ́ ṣe, kí ó kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa dá owó sí àpò tí a yà sọ́tọ̀ fún un, kí ó sì bá ìlú tó ni ilẹ̀ ṣe àdéhùn. Bí owó bá ti wà nílẹ̀ kí òkúta tó tán, ọ̀gá kò ní lè sọ pé ọjà kò tà.

Àtúnṣe náà kì í ṣe idán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ó ti kó ilẹ̀ dúdú jọ sọ́tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kòtò tó dúró bí ògiri, a ó gé e ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn. A ó da ilẹ̀ dúdú padà, a ó gbin igi sí i. Kòtò tí kò ṣeé dí, a ó ṣe ọgbà yí i ká, tàbí kí a sọ ọ́ di adágún ẹja. Òkúta tó lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò tún wúlò.

Ní Bamburi, lẹ́bàá Mombasa ní Kẹ́ńyà, símẹ́ǹtì ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi di òkúta gbígbẹ. Ní 1971, René Haller bẹ̀rẹ̀ sí gbin igi síbẹ̀. Irú igi 26 ni ó dán wò, 3 péré ló yè. Ó kó ọ̀kùn sáàárín wọn kí wọ́n máa jẹ ewé tó bá já bọ́, ìgbẹ́ wọn sì di ilẹ̀. Ní 1984, wọ́n ṣí ibẹ̀ fún àwọn èrò ìwòran.

Ẹ jẹ́ kó yé wa: iṣẹ́ ni àtúnṣe ilẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tó ń wa katapílà, ó ń fẹ́ onítípà, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò gbin igi. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ pè láti tún un ṣe, kí owó oṣù wọn má bàa bá òkúta tán lọ́jọ́ kan náà.

Nítorí náà, kúárì yòówù tí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá ti ń ṣiṣẹ́, kí aṣojú òṣìṣẹ́ béèrè ètò àtúnṣe, kí ó béèrè iye tó ti wọ àpò, kí ó sì kà á sétí àwọn ará abúlé. Kí a ṣe é nísinsìnyí tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, tí ohùn wa ṣì ní agbára. Ọ̀gá lè kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Àwa kò ní ibi tí a ó kó ìlú wa lọ.