Yánrin Ẹ̀yìnkùlé Wa



Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ tí iná ìgbẹ́ sọ di dúdú lábẹ́ àwọn òkè wa tún ti ń rúwé, yánrin sì ti yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lẹ́bàá ògiri.

Nígbà tí a wà ní kékeré, àwa ọmọ ni à ń já a. Oje rẹ̀ funfun bí wàrà, a sì máa lẹ̀ mọ́ wa níka. Òdòdó tí ó bá gbó a di òwú. A ó fẹ́ ẹ, irúgbìn rẹ̀ a fò lọ, a ó sì máa sá tẹ̀lé e dé ẹ̀yìnkùlé ará ilé kejì.

Ní ilé-ìwé, inú ìwé Faransé ni a ti kọ́ nípa òdòdó. A mọ «pissenlit» lórí, a kò sì rí i rí. Àwọn Faransé ń jẹ ewé rẹ̀ ní sàládì. Nítorí pé ó ń mú ni tọ̀ ni orúkọ rẹ̀ fi túmọ̀ sí «tọ̀ sórí ibùsùn»! Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé àwọn onímọ̀ ewéko pe yánrin tiwa ní «taraxacifolia», èyí ni pé ewé rẹ̀ jọ ti pissenlit.

Nígbà tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà dé fún ìsinmi, a fẹ́ ṣe ìyá wa lóore. A gbé ọkọ́, a ro ẹ̀yìn ilé ìdáná mọ́ tónítóní. Ìyá wa ti ọjà dé, ó wo ilẹ̀, kò bá wa wí. Ó kàn ní: «Kí ni a ó fi jẹ ọkà lálẹ́?» Ìgbà náà, iṣu ti tán lábà, èlùbọ́ nìkan ni ó kù. Ata àti iyọ̀ ni a fi jẹ ọkà náà.

Gbòǹgbò yánrin rúwé padà nígbà tí òjò tún rọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, oògùn apakoríko ni ọ̀pọ̀ wa ń fín, kì í sì í dá gbòǹgbò sí bí ọkọ́. Bẹ́ẹ̀, ní ìsàlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn kan ń gbin ewé yìí kan náà fún títà. Yantoto ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ro ẹ̀yìnkùlé, ẹ mú àwọn ọmọ lọ́wọ́, ẹ fi yánrin hàn wọ́n, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, kí ó bi í léèrè kí ó tó gbé ọkọ́. Àwa kò bi tiwa.