Owó Àtijọ́ Inú Àpótí Ìyá Àgbà: Èló Ló Tó Ní Tòótọ́?

Tí ẹ bá ní fóònù tó ń gba WhatsApp ní Ìfọ̀nyìn tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, tàbí ní Igolo, tàbí ní òdìkejì bodè ní Ìdí-Ìrókò, ó ṣeé ṣe kí irú ìkéde yìí ti dé ọwọ́ yín. Àwòrán owó onírin kan tó ní ihò láàárín ni. Wọ́n á kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé ti di olówó, pé mílíọ̀nù mélòó kan ni àwọn òyìnbó ń rà á. Nọ́ńbà fóònù á wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá. Àwọn mìíràn á dìde, wọ́n á lọ tú àpótí ìyá àgbà.

A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, iye wúrà kọjá 4,000 dọ́là fún áúnsì kan fún ìgbà àkọ́kọ́, fàdákà náà sì kọjá 50 dọ́là. Nígbà tí irin bá gbówó lórí báyìí, gbogbo ohun tó bá ń dán ni ojú ń wọ̀. Lóòótọ́ sì ni pé àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń ṣa owó àtijọ́ jọ, tí wọ́n ń rà á, tí wọ́n ń tà á, tí wọ́n ń fi í ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn. Ohun ìgbafẹ́ ni fún púpọ̀ nínú wọn. Òwò ni fún àwọn kan. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n ń wá lè rí owó gidi gbà.

Ewu tó wà níbẹ̀ fún àwa ará ẹnu bodè ni pé oríṣi ènìyàn méjì ló ń wá bá wa. Ọ̀kan á sọ pé irin lásán ni, á gbé e sórí ìwọ̀n, á san owó irin, á sì gbé fàdákà gidi lọ. Èkejì á sọ pé mílíọ̀nù ni, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́. Ẹni tí kò mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí owó náà ṣe dé ilé wa. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ṣe àdéhùn ààlà tó pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Ọjà kò tẹ̀lé ààlà náà. Ìdí nìyẹn tí àpótí kan ṣoṣo fi lè kó fàráńkì Faransé, owó Gẹ̀ẹ́sì àti owó ẹyọ pọ̀ sínú àpò kan. Ní 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Owó yẹn ni àwọn àgbà wa fi orúkọ pè: ọ̀nínì, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, ẹ́pìnnì, ìdajì kọ́bọ̀, tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì, kọ́bọ̀ mẹ́fà, àti ṣílè, kọ́bọ̀ méjìlá. Ọ̀nínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ ni wọ́n ní ihò láàárín, tí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì wà lára wọn. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n kà sí náírà kan. Owó àtijọ́ tí wọn kò kó lọ sí báǹkì ló kù sínú àpótí.

Kọ́bọ̀ onihò inú ìkéde WhatsApp yẹn ńkọ́? Ọ̀kan wà nínú wọn tí ìtàn rẹ̀ lè la ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọdún 1936 ló wà lára rẹ̀, kí ẹ sì wo orúkọ ọba tí wọ́n kọ yí i ká. Bí ẹ bá rí EDWARDVS VIII, orúkọ Ọba Edward Kẹjọ ni. Oṣù kìíní 1936 ló gorí oyè ní London, oṣù kejìlá ọdún kan náà ló sì fi oyè sílẹ̀ nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Kò pẹ́ tó lórí oyè tí wọn ì bá fi kó owó tó ní àwòrán rẹ̀ jáde fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì láti ná. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti ṣe fún ìdánwò kò dé ọjà rárá. Ní oṣù kìíní 2020, ẹnì kan ra ọ̀kan nínú owó wúrà tí wọ́n ṣe fún ọba yìí ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Kọ́bọ̀ onihò ti ilẹ̀ wa kò nílò àwòrán orí ọba, nítorí ihò ti gba ibi tí orí ì bá wà. Orúkọ nìkan ni wọ́n kọ. Nítorí náà, kí ọba tó kúrò, ilé ìtẹ̀wó ní London àti Birmingham ti ṣe wọn ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, wọ́n ti kó wọn wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ìyá wa sì ti fi ra iyọ̀. Ọba kan náà, ọdún kan náà ló gorí oyè tó sì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan di mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, èkejì kò ju pọ́n-ùn díẹ̀ lọ títí dòní. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye tó wà láyé, bí ó ṣe rí, àti iye ènìyàn tó ń wá a. Pé nǹkan ti pẹ́ nìkan kò sọ ọ́ di olówó iyebíye. Ká ní pípẹ́ ni, òkúta ẹ̀yìnkùlé wa ì bá ti sọ gbogbo wa di ọlọ́rọ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó dùn wọ́n. Wọ́n ní eré kan tí wọ́n ń pè ní béésìbọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tí wọ́n fẹ́ràn bí àwa ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń fi káàdì tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù sínú páálí sìgá, nígbà tó yá, sínú ṣingọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Káàdì agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Honus Wagner, tí wọ́n tẹ̀ láàárín 1909 sí 1911, kò ju nǹkan bí ọgọ́ta lọ tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù. Ní 2022, wọ́n ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, káàdì Mickey Mantle ti 1952 pa mílíọ̀nù 12.6 dọ́là.

Nígbà tí irú ìròyìn báyìí bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ra káàdì tuntun ní páálí-páálí, wọ́n tọ́jú wọn sí òkè àjà, wọ́n ní ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wọ yunifásítì ni àwọn máa tà á. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ náà kò sùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ débi pé kò sí ilé tí kò sí. Káàdì wọ̀nyẹn ṣì wà lókè àjà, púpọ̀ nínú wọn kò sì tó owó páálí tí wọ́n kó wọn sí. Ti àwọn òbí àtijọ́ ṣọ̀wọ́n nítorí pé wọ́n dà wọ́n nù. Ti ìgbà tuntun pọ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó dà á nù.

Fàdákà ni èyí tó kàn wá jù. Tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín 1913 sí 1920 jẹ́ fàdákà gidi, nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, 92.5 jẹ́ fàdákà. Láti 1920 lọ, wọ́n yí i padà sí irin tó pọ́n bí idẹ. Ti ọdún 1920 fúnra rẹ̀ ló lè dá yín láàmú, nítorí pé wọ́n ṣe é ní oríṣi méjèèjì. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Tọ́rọ́ funfun tó jáde láti 1938 kì í ṣe fàdákà, bó ti wù kó dán tó. Èmi náà ní ọ̀kan, ti 1947, tí mo ń pè ní fàdákà fún ọdún púpọ̀ kí n tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣílè fàdákà kan wọn gíráàmù 5.66 nígbà tó wà ní tuntun. Fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 5.2. Áúnsì kan tí wọ́n fi ń wọn fàdákà jẹ́ gíráàmù 31.1. Bí áúnsì bá jẹ́ 50 dọ́là, fàdákà inú ṣílè kan tó nǹkan bíi dọ́là mẹ́jọ àti ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi 4,700 sẹ́fà. Ti ṣílè méjì jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Iye fàdákà ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè iye ọjọ́ yẹn kí ẹ tó ṣírò. Ẹni tó bá wá sí ọjà Igolo tó ní òun á fi 200 sẹ́fà gba ṣílè 1914 lọ́wọ́ yín kò purọ́ fún yín pé owó náà kò ná mọ́. Ó kàn gbàgbé láti sọ ìyókù ni.

Ti apá Faransé kò ní ìtàn tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Owó aláwọ̀ funfun fúyẹ́fúyẹ́ ti fàráńkì kan àti méjì tó ní orí ẹtu, ti 1948, pọ̀ bí iyanrìn. Àwọn tó ṣọ̀wọ́n ni owó fàdákà àti wúrà tí orílẹ̀-èdè Dahomey ṣe ní 1971 láti fi ṣèrántí òmìnira rẹ̀, kó tó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Kò sí ẹni tó fi wọ́n ra ẹ̀kọ. Àwọn tó ń kó owó jọ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ní ti owó sẹ́fà bébà ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń ná kí wọ́n tó gbé tuntun jáde ní oṣù kẹsàn-án 2003, báǹkì kò gbà á mọ́ láti òpin ọdún 2004. Àwọn tó ń kó o jọ ń wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀: B ni ti Bẹ̀nẹ̀, T ni ti Togo, A ni ti Ivory Coast. Lẹ́tà yẹn ṣì wà lára sẹ́fà tó wà lápò yín báyìí.

Bí ẹ bá wá rí èyí tó dára, ẹ má fọ̀ ọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti pàdánù. Ènìyàn á mú ọṣẹ, á mú eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, á bó owó náà títí á fi máa kọ mọ̀nà. Lójú ẹni tó ń kó owó jọ, ó ti bà á jẹ́, nítorí pé àwọ̀ dúdúdúdú tó ti bò ó láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n fi máàkì sí bí owó ṣe rí, láti 1 dé 70. Ìyàtọ̀ máàkì díẹ̀ lè sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wé e sínú bébà gbígbẹ, ẹ di etí rẹ̀ mú bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ wo àwọn lẹ́tà kéékèèké bíi H tàbí KN tí wọ́n fi ń mọ ilé ìtẹ̀wó tó ṣe é. Bí ọmọ yín bá máa wo iye rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wo iye tí wọ́n ti tà á gan-an. Iye tí ẹnì kan ń pè lórí àtẹ kò túmọ̀ sí nǹkan kan, ẹ̀yin ọlọ́jà mọ èyí jù mí lọ.

Ní ti àwọn tó ní kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí owó orí kí wọ́n tó rà á, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Ní oṣù kẹjọ 2021, báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Íńdíà fúnra rẹ̀ jáde láti kìlọ̀ pé àwọn gbájúẹ̀ ń lo orúkọ òun láti fi gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ta owó àtijọ́. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń dá níbí. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ló ń mú owó wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da owó pọ̀ mọ́ ère. Bí oníbàárà owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun ojúbọ tàbí ère ìdílé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Òfin Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó wọn jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ó lé ní ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó ẹrù ààfin Àgbómẹ̀ lọ kí ohun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn tó padà dé Kùtọnù ní oṣù kọkànlá 2021.

Ó ku náírà. Àwọn tó ń ná ọjà Ìdí-Ìrókò rántí 1984, nígbà tí ìjọba ológun Nàìjíríà pa àwọ̀ owó dà lójijì tí bodè sì wà ní títì. Ìbẹ̀rù yẹn padà wá nígbà tí wọ́n gbé 200, 500 àti 1,000 tuntun jáde ní ìparí 2022. Àwọn kan ṣì ń lò ó títí di báyìí láti fi ra 1,000 náírà ti tẹ́lẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó, wọ́n ní ó ti di owó àtijọ́. Kò tíì dì í. Ní oṣù kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní kí méjèèjì máa ná lọ. Bí irú rẹ̀ bá wà lábẹ́ ẹní yín, ẹ kà á, ẹ gbé e lọ sọ́jà, kí ẹ fi ra ohun tí ẹ fẹ́.