Làálàá ni "Toil", Kì í Ṣe Iṣẹ́ Lásán

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ èso ólífì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ toil ti ṣẹ̀. Tundere ni Látìn ń pe kí èèyàn lu nǹkan tàbí kó gún un. Ara rẹ̀ ni tudicula ti yọ, orúkọ ẹ̀rọ tí àwọn ará Róòmù fi ń fọ́ ólífì kí wọ́n tó fún òróró rẹ̀. Columella, tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní, ní ẹ̀rọ náà ń ṣe dáadáa, àmọ́ ó máa ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, bí èso bá sì fi díẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣe ló máa há. Ẹni tó bá ti gún ẹyìn lódó rí mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: apá ń ro ó, epo ń ta sí i lára, odó kò sì tíì fẹ́ tán.

Nínú Faransé àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà di kí á po nǹkan rú. Àwọn Norman tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló kó Faransé débẹ̀. Ìjà àti awuyewuye ni toil kọ́kọ́ jẹ́ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, iṣẹ́ àṣelàágùn ti gba ipò yẹn. (Toil tó jẹ́ àwọ̀n ọdẹ kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ Látìn fún aṣọ híhun ló bí ìyẹn.)

Ìdí nìyí tí kò fi tọ̀nà kí olùtumọ̀ fi "iṣẹ́" nìkan rọ́pò toil. Èèyàn a máa kọ́ṣẹ́, a máa wáṣẹ́, a sì máa gba owó iṣẹ́. Ta ló ń kọ́ làálàá? "Wàhálà" sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n wàhálà lè bá ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé rẹ̀. Toil kì í bá ẹni tí kò gbé ọwọ́ sókè. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, òun ni wọ́n lò fún Símónì Pétérù, ẹni tó fi gbogbo òru da àwọ̀n tí kò rí ẹja kan mú.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1940, tí Ogun Àgbáyé Kejì ń gbóná, Winston Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka ohun tó ní fún àwọn aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù: ẹ̀jẹ̀, toil, omijé àti òógùn. "Iṣẹ́" kò lè dúró láàárín ẹ̀jẹ̀ àti omijé. Làálàá ni kí olùtumọ̀ kọ síbẹ̀.