Ọ̀rẹ́ Kì í Ṣe ti Ẹnu

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ka ìwé ìròhìn yìí nígbà tí ọjà dá díẹ̀, ajé á wọlé o. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ìwé àwọn ọmọ kún iwájú yín, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ogun ni mo ti fẹ́ mú un wá.

Ọmọ aládùúgbò mi kan ló fà á. Ó jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ ológun ni mo fẹ́ ṣe. Kì í sì í ṣe ológun lásán o. Àwọn àkànṣe ọmọ ogun tí ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti ojú òfuurufú ni mo fẹ́ bá ṣe." Mo bi í pé kí ló wù ú níbẹ̀. Ó ní inú fíìmù ni òun ti rí i pé ẹnìkan wọn kì í fi ẹnìkejì sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, òótọ́ lo rí, ṣùgbọ́n ìparí ìtàn ni wọ́n fi hàn ọ́. Jókòó, kí n sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọ." Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan wà ní ilẹ̀ Bìrìtéènì tí wọ́n ń pè ní SAS. Ọ̀gbẹ́ni David Stirling ló dá a sílẹ̀ ní aginjù Àríwá Áfíríkà ní 1941, nígbà ogun Hitler. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, wọn a mú un lọ sí àwọn òkè kan ní Wales láti dán an wò. Òkè tó ga jù níbẹ̀, Pen y Fan, ga tó mítà 886. Ẹrù á wà lẹ́yìn, ìbọn á wà lọ́wọ́, kálukú á sì máa dá rìn nínú òjò àti òtútù. Ìrìn tí wọ́n fi ń kádìí rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 64, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ láàárín wákàtí 20. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn olùdánwò kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í yin ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ padà sílé, wọn ò ní dá a dúró. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ ọ bí? Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe níbi tí kò sí ẹgba, tí kò sì sí àtẹ́wọ́.

Ẹni tó bá yege, bó tilẹ̀ jẹ́ sájẹ́ńtì níbi tó ti ń bọ̀, ipò ọmọ ogun lásán ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ á dé. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń rìn. Ọ̀kan mọ ìtọ́jú ọgbẹ́, ọ̀kan mọ rédíò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́, ọ̀kan mọ ohun abúgbàù, ọ̀kan gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀. Olúkúlùkù sì ń kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹnìkejì, nítorí pé ẹni tó mọ ìtọ́jú ọgbẹ́ gan-an lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ọta yóò bá. Kí wọ́n tó jáde, wọn a jókòó gbìmọ̀, ẹni tó kéré jù nínú wọn sì lẹ́nu láti sọ fún ọ̀gá pé, "Ọ̀nà yìí kò dára." Wọn a dáná, wọn a nu ìbọn, wọn a pín ìṣọ́ òru. Ẹni tí ìṣọ́ kàn tó bá sùn lọ, ẹ̀mí ẹni mẹ́ta ló fi tàfàlà. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ á máa gorí ọjọ́. Àwọn onífíìmù kì í pẹ́ lórí èyí, nítorí kò dùn ún wò.

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Ní 1972, mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọ ogun yìí wà ní Mirbat, ìlú kékeré kan létí òkun ní ẹkùn Dhofar, ní orílẹ̀-èdè Oman, níbi tí Sultan ti ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà. Kápútẹ́nì Mike Kealy, ọmọ ọdún 27, ni olórí wọn. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ Fiji, àwọn erékùṣù tó wà ní Òkun Pàsífíìkì: Talaiasi Labalaba àti Sekonaia Takavesi. Ní 1961 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà wọ́n síṣẹ́ ológun pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ Fiji mìíràn, nígbà tí Fiji ṣì wà lábẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kó àwọn bàbá wa lọ sí Burma nígbà ogun Hitler.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 19 oṣù Keje, tí ìkùukùu ṣú bo ojú ọ̀run, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó lé ní 200 ya lu ìlú náà. Labalaba sáré lọ sídìí àgbá ńlá kan tó wà lẹ́bàá odi. Àgbá tí ọkùnrin mẹ́fà ń bójú tó, òun ló ń kì í, òun náà ló ń yìn ín. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ lórí rédíò pé ọta ti ba òun ní àgbọ̀n. Takavesi ní òun yóò lọ bá a. Ó sáré la gbangba kọjá, ọta ń rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bá a pẹ̀lú ọgbẹ́ lójú, ó ṣì ń yìnbọn. Walid Khamis, ọmọ Oman tó ń bójú tó àgbá náà, ti gbọgbẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí ọta fi ba Takavesi náà. Ó fẹ̀yìn ti àpò iyanrìn, kò sì yéé yìnbọn. Labalaba fẹ́ mú ìbọn mìíràn tó wà nítòsí, ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á. Kealy àti Thomas Tobin, olùtọ́jú ọgbẹ́, tún sáré wá. Ọta ba Tobin bó ti ń ṣaájò àwọn tó gbọgbẹ́, ọgbẹ́ náà ló sì padà pa á. Nígbẹ̀yìn, ọkọ̀ òfuurufú fò wá lábẹ́ ìkùukùu, ìrànlọ́wọ́ dé, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì sá.

Mo wá bi ọmọ náà pé, "Kí ló gbé Takavesi sáré?" Ó ní ìgboyà ni. Mo ní ìgboyà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í hù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Inú oúnjẹ tí wọ́n jọ sè, ìṣọ́ tí wọ́n jọ ṣọ́, àti òótọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ló ti hù. Ọjọ́ ogun kàn fi í hàn ni.

N kò fi ìyókù pamọ́ fún un. Ìjọba kò fún Labalaba ní ju pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjábọ̀ ogun. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ pé oyè akọni tó ga jù ló tọ́ sí i. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí Hereford ní 2009, wọ́n tún ṣí òmíràn ní Fiji ní 2018. Ère dára, ṣùgbọ́n ère kì í dáhùn bí ará ilé bá pè é. Kealy tí gbogbo ọta Mirbat kò pa, òtútù ló pa á ní 1979 lórí àwọn òkè Wales kan náà, nínú ìrìn ìdárayá. Ní 2013, ooru pa ènìyàn mẹ́ta lórí òkè wọ̀nyẹn níbi ìdánwò. Òkè kò mọ akọni. Àwọn aya wọn ńkọ́? Ọkọ á gbé àpò, á ní òun ń lọ, kò sì ní lè sọ ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹgbẹ́. A ń dá aṣọ, a ń dá fìlà, a ń pe ara wa ní ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá aládùúgbò rẹ̀ ṣọ́ ìsọ̀ nígbà tí ọmọ onítọ̀hún ń ṣàìsàn? Olùkọ́ wo ló ń di kíláàsì ẹnìkejì mú láìjẹ́ pé ọ̀gá pàṣẹ? Ta ló lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pé, "Kóńgò tí o fi ń wọn gààrí yẹn kò pé"? Bí a kò bá ṣe ìwọ̀nyí lọ́jọ́ tó tutù, kí a má retí ẹni tí yóò sáré wá lọ́jọ́ tó gbóná.

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n má lọ mọ́ ni?" Mo ní, "N kò ní kó o má lọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti pọnmi látìgbà tí a ti jókòó síbí." Ojú tì í. Ó dìde, ó lọ gbé korobá.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.