Aago Eré Sísá Kì í Ṣe Fóònù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gba aago ọwọ́ mi ní géètì. Wọ́n ní fóònù ni. Wọ́n ti dá a padà, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní n ò gbọdọ̀ mú un wá mọ́. Inter-house sì ti dé tán.

Aago eré sísá tó ní GPS ni, irú èyí tí kò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ló lò ó kó tó fún mi. Ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sókè, ìyẹn ló fi ń mọ bí èèyàn ṣe sáré jìnnà tó.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe fún mi. Nígbà interval, a máa ń sá 400 mítà, ká sinmi ìṣẹ́jú méjì, ká tún sá a, ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni mo máa ń bú jáde bí ẹni tí ajá ń lé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aago, mo sá àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 72, mo sá ìkẹfà ní 93! Ojú tì mí. Ní báyìí, mo ń bẹ̀rẹ̀ ní 80, mo ń parí ní 81. Ohun tí interval ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Àwọn kan á ní stopwatch ti tó. Lóòótọ́, Roger Bannister ò ní GPS nígbà tó sá máìlì kan ní 3:59.4 lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún, 1954. Nǹkan bíi 400 mítà lòun náà ń sá lẹ́ẹ̀mẹwàá, tó ń dín àsìkò rẹ̀ kù. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n stopwatch kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ olùkọ́ eré ìdárayá wa, àwa sì pọ̀.

N ò ní parọ́, aago náà máa ń ṣì í. Láàárín àwọn ilé tó fún mọ́ra ní Òkè Padre níbí, ó ti pe 400 mítà ní 370 rí. Nítorí náà, téèpù la fi wọn pápá, bọ́tìnnì ni mo ń tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Àsìkò nìkan ni mo ń bi í.

Wọ́n tún ní ó ń gba iṣẹ́ bíi fóònù. Òótọ́ ni, bí fóònù bá wà nítòsí. Tèmi wà nílé.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: ẹ jẹ́ kí aago wọlé lọ́jọ́ ìdárayá nìkan. Ká fà á lé olùkọ́ eré ìdárayá lọ́wọ́ láàárọ̀, ká gbà á lórí pápá, ká dá a padà. Kó má sì jẹ́ ti ọmọ olówó nìkan: mo yọ̀ǹda tèmi fún ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn mi balẹ̀.

Akọ̀ròyìn eré ìdárayá, SS 2