Kí A Má Di Gbogbo Ẹ̀bi Ru Ìyá Ọmọ

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, láti Nyanya títí dé Kubwa àti Gwagwalada, ẹjọ́ kan ń dé iwájú ìgbìmọ̀ wa lemọ́lemọ́: ara ọmọ tuntun kò le, àwọn ẹbí ọkọ sì dojú kọ ìyàwó. "Kí ni ó ń jẹ nígbà tí ó wà nínú oyún?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé.

Nínú DNA, tí í ṣe ìwé àjogúnbá tí ó wà nínú ara olúkúlùkù, àmì kékeré kan wà tí ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n ń pè ní methyl. Kì í yí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà padà. Ó sábà máa ń mú kí apá ibẹ̀ dákẹ́ ni. Òótọ́ ni pé oúnjẹ ìyá kàn án. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko Gáḿbíà fi hàn pé nínú jíìnì mẹ́fà tí wọ́n yẹ̀ wò, àmì yìí pọ̀ lára ọmọ tí a lóyún rẹ̀ ní ìgbà òjò ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, nítorí oúnjẹ ìgbà méjèèjì kò rí bákan náà.

Ṣùgbọ́n àmì náà sábà máa ń dúró níbi tí lẹ́tà C bá ti ṣíwájú G nínú DNA. Bí ọmọ bá jogún lẹ́tà mìíràn níbẹ̀, àmì kò rí ibi dúró sí, ìyá rẹ̀ ì báà máa jẹ ẹ̀fọ́ òun ẹ̀wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdajì àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, ọwọ́ bàbá ni ọmọ ti gbà á! A kò sọ pé àmì yìí ni ó fa gbogbo àìlera. Àmọ́ àwa tí ń bi ọkọ àti ìyàwó léèrè AS kí wọ́n tó fẹ́ra, èéṣe tí a fi ń gbàgbé ìdílé bàbá nígbà tí ọmọ bá dé?

Àbá tiwa ni pé kí ìgbìmọ̀ má ṣe gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ àfi bí bàbá ọmọ bá ti bá ìyàwó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí àwọn ọkọ sì ra folic acid sílé kí oyún tó dé, nítorí láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ ni ohun tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń pa dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tilẹ̀ tí ì mọ̀ pé àwọn ti lóyún.