Ìrẹsì Funfun Kò Ju Tiwa Lọ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin baálé ilé ní Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò, èrò kan ti ta gbòǹgbò láàrin wa tí ó yẹ kí a hú tegbòtegbò: èyíinì ni pé ìrẹsì òkè òkun tí ó funfun báláú ni oúnjẹ ẹni iyì, pé Ọ̀fadà pupa, ọmọ inú oko Ẹ̀gbá, kàn wà fún òde àríyá ni.

Ẹ dúró nídìí àpò ìrẹsì ní ọjà Ìyànà-Ìba: oníbàárà yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò fẹ́ ẹ, yóò wo bí ó ti funfun tó, kí ó tó ní kí wọ́n wọn kóńgò kan fún òun. Funfun yẹn gan-an ni àdánù, nítorí inú eèpo fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ bó dànù kí hóró lè máa dán ni ọ̀pọ̀ èròjà aṣaralóore wà. Ní nǹkan bí ọdún 1890, ní erékùṣù Java, oníṣègùn Christiaan Eijkman rí i pé adìyẹ tí ń jẹ ìrẹsì bíbó kò lè fẹsẹ̀ dúró mọ́, pé nígbà tí wọ́n padà sí ìrẹsì eléèpo, ara wọn le. Ọ̀nà yìí ni a gbà mọ ìdí àrùn beriberi tí ń rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fún Eijkman ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929.

Eèpo yẹn ṣì wà lára Ọ̀fadà tí a kò bó. Àwọn kan a ní òkúta wà nínú tiwa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tí a ń sá a sí ni òkúta ti ń bá a, tapólì àti ẹ̀rọ ìyọkúta sì tó láti parí ẹjọ́ náà.

Ẹni tó gbójú lógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta; bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbójú lé oúnjẹ òkè òkun. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, owó ìrẹsì fò sókè lójú gbogbo wa, nítorí pé a ti fi ìkòkò wa sábẹ́ ìrẹsì Thailand àti Íńdíà tí ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu, tí ń gba Sẹ̀mẹ̀ yọ́ wọlé. Owó tí a san fún un kò dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tí omi òjò nìkan ń bá ṣe oko, kò sì dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń bọ ìrẹsì níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ máa béèrè Ọ̀fadà fún ìkòkò ojoojúmọ́, kí àgbẹ̀ lè rí ìdí tí yóò fi gbìn púpọ̀ sí i. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tí ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ ìlọrẹsì Ìmọ̀tà, tí a ṣí ní ọdún 2023, pé kí wọ́n lọ ìrẹsì fún wa láìbó o di funfun, nítorí ara ọmọ wa ni a ń bọ́, kì í ṣe ojú.